Mọ́tò Tó Ń Mísì: Ẹ Mọ Sìlíńdà Tó Ń Ṣàìsàn Kí Ẹ Tó Ra Ohunkóhun

Mo ń ti Ifẹ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ti ré Òsú kọjá, ọkàn mi ti dé ilé ní Iléṣà. Bí mo ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ lè gun òkè báyìí, Camry mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Sàlẹ́ńsà ń dún pù, pù, pù. Iná check engine tó wà níwájú mi ń ṣẹ́jú sí mi. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè títí ó fi sú u, ó yà mí sílẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì na ìka márààrún sí mi.

Lọ́jọ́ kejì, mẹ́káníìkì kan gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà, kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó fi ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni. Mo wá owó, mo ra brain box tòkunbọ̀, wọ́n fi sí i, ọkọ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní á jẹ́ pé páńpù epo ni. Mo ra páńpù. Pàbó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni èmi fúnra mi fa wáyà púlọ́ọ̀gì kẹta yọ, tí mo rí ọ́ìlì tó ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó bà jẹ́ kò ju òrùka rọ́bà kan lọ, lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Brain box yẹn ṣì wà ní yàrá mi. Mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e.

Àwa Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n mọ̀ mọ́ òṣómàáló. Àwọn baba wa tó ń kiri aṣọ, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé, ẹnu ọ̀nà ajigbèsè ni wọ́n ń lọ lóṣòó sí: òṣó ni n ó máa ló títí n ó fi gba owó mi. Bí ó ṣe yẹ ká ṣe sí mọ́tò tó ń mísì nìyẹn. Ẹ lóṣòó tì í. Ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e lórí kí ó tó jẹ́wọ́ sìlíńdà tí àrùn wà.

Sìlíńdà ni ihò inú ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́ nǹkan mẹ́ta: iná láti ẹnu púlọ́ọ̀gì, epo àti afẹ́fẹ́ tó bára mu, àti kọ̀mpúrẹ́ṣàn, ìyẹn ni pé kí písítìnnì fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ pinpin kí iná tó ràn án. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, epo inú sìlíńdà yẹn kò ní jó; ìyẹn ni wọ́n ń pè ní mísì. Mẹ́ta á máa ṣiṣẹ́, ẹ̀kẹrin á di ẹrù tí wọ́n ń gbé kiri.

Camry ọdún 1997 sí 2001 tó ní ẹ́ńjìnnì 5S-FE, lítà 2.2, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo ń wà. Bí tiyín bá yàtọ̀, ìlànà náà kò yàtọ̀; iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Irinṣẹ́ tí ẹ máa nílò kò pọ̀: sípánà púlọ́ọ̀gì 16 mm àti ọ̀pá gígùn tí ẹ máa fi bọ̀ ọ́, sukudiráfà gígùn kan, mítà tí àwọn ríwáyà ń lò, fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo), tọ́ọ̀ṣì, àkísà, àti ike tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí irun. Sikáánà kékeré tó ń ka kódù àìsàn ọkọ̀, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, dára tí ẹ bá ní.

1. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó máa ń ṣe é

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ rántí ìgbà tí ìgbọ̀n náà máa ń dé.

Tó bá jẹ́ pé òkè nìkan ló ti ń ṣe é, tàbí ìgbà tí ẹ kó èrò kún inú ọkọ̀, iná ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ fura sí: púlọ́ọ̀gì, wáyà rẹ̀, tàbí kọ́ìlì tó ń fún un níná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ agbára, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà á le, iná tí kò lágbára kò ní lè fò kọjá ẹnu púlọ́ọ̀gì. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò tàbí òwúrọ̀ tí ìrì sẹ̀ ni, wáyà tàbí kọ́ìlì ti sán níbì kan, omi sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Tó bá jẹ́ pé ó ń gbọ̀n tí ẹ bá dúró lójú kan, àmọ́ tó máa ń já geere tó bá ti ń sáré, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú jálákàn ni, ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Tèmi ń ṣe é lórí òkè, ó ń ṣe é lẹ́yìn òjò. Bí ẹnì kan bá bi mí ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò bá má ra brain box.

Ọ̀rọ̀ kan nípa iná check engine. Tó bá tàn tó dúró gbọnin, ẹ lè rọra wà á délé. Tó bá ń ṣẹ́jú, ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí epo, kí ẹ wá ibi páàkì sí. Epo tí kò jó nínú ẹ́ńjìnnì ń ṣàn lọ sínú catalytic, àgbá tó ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀ (tí wọn kò bá tíì gé tiyín tà), ibẹ̀ ló ti ń jó, ó sì lè gbóná débi tí inú rẹ̀ á fi yọ́. Ẹ má páàkì sórí koríko gbígbẹ.

2. Kódù

Àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún awakọ̀, tí wọ́n ń ki sikáánà bọ̀. P0301 túmọ̀ sí pé sìlíńdà kìíní ló ń mísì, P0302 jẹ́ èkejì, títí dé P0304. P0300 ní òun kò rí ẹyọ kan mú, ó ń káàkiri. Tí ẹ bá rí P0171 pẹ̀lú wọn, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ.

Kódù kò sọ ohun tó bà jẹ́ fún yín o. Ilé tí ìjà wà ló nàka sí, kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó bá rí P0303 tó sì ní “kọ́ìlì ni” láìtíì ṣí nǹkan kan, ẹ rọra yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lórí 5S-FE, ẹ dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Sìlíńdà kìíní ló wà ní apá òsì yín, níbi tí àwọn bẹ́líìtì wà. Ẹ ka mẹ́rin lọ sí apá ọ̀tún.

3. Bí kò bá sí sikáánà

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní yọ, ẹ ki púlọ́ọ̀gì àtijọ́ kan bọ ẹnu wáyà náà, kí ẹ sì gbé e ka irin ẹ́ńjìnnì kí ara irin rẹ̀ kan án dáadáa, jìnnà sí ibi tí epo lè wà. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ sí i, tí ìgbọ̀n náà pọ̀ sí i, sìlíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn náà. Ẹ pa á, ẹ dá wáyà rẹ̀ padà, ẹ bọ́ sórí èkejì. Èyí tí ẹ bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà rárá, òun ni ọ̀lẹ.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ kan máa ń fa wáyà náà yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á fi sálúbàtà mú un. Ẹ má dán an wò. Iná tó ń gba inú wáyà yẹn kọjá lè ju 20,000 fóòtì lọ, tí kò bá sì rí ibi tí yóò fò sí, ara kọ́ìlì tàbí ara yín ni yóò wá. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí kọ́ìlì rẹ̀ jókòó lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, bíi Corolla láti 2003, kìkì sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré orí kọ́ìlì ni ẹ máa yọ.

4. Púlọ́ọ̀gì àti ihò rẹ̀

Ibí yìí ni ká ti lóṣòó jù.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Orí rẹ̀ jẹ́ àlùmíníọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná, ẹ lè bá ojú sukúrù inú rẹ̀ jẹ́, ọ̀ràn máṣíìnì ṣọ́ọ̀bù ló sì kù. Ẹ so nọ́ńbà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má dàrú mọ́ra. Ẹnu rọ́bà rẹ̀ ni kí ẹ mú, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ tó fà á. Ẹni tó bá fa ara wáyà á já a nínú.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ó gbẹ. Nígbà tí mo tan iná sí ihò kẹta tèmi, mi ò rí púlọ́ọ̀gì, òjìji ara mi ni mo rí nínú ọ́ìlì dúdú. Ọ́ìlì ti kún un dé ìdajì, rọ́bà ẹnu wáyà ti wú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Iná tó yẹ kó lọ sí ẹnu púlọ́ọ̀gì ń gba ara rọ́bà tó ti rà yẹn fò lọ sára irin.

Tí ẹ bá bá ọ́ìlì níbẹ̀, ẹ má tíì tú púlọ́ọ̀gì, torí gbogbo ọ́ìlì yẹn á dà sínú sìlíńdà. Ẹ wé àkísà mọ́ sukudiráfà, ẹ máa fi fà á jáde títí ihò á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fẹ́ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí iyanrìn tó ti kó síbẹ̀ má bàa já sínú. Ọ̀dọ̀ fọ́gánáísà àdúgbò wa ni mo wà á lọ. Mo ní kó bá mi fẹ́ ihò púlọ́ọ̀gì. Ó gbé ọwọ́ páńpù dání, ó wò mí, ó wo ilẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá, táyà ńkọ́?” Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ ẹ, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ń fẹ́ ẹ o.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti tún tutù, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n sórí pákó bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ka ojú wọn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí erùpẹ̀ gbígbẹ ń jẹun dáadáa. Èyí tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù fún un. Èyí tó dúdú tó ń yọ̀, ọ́ìlì ń wọ inú sìlíńdà rẹ̀. Èyí tó tutù tó ń rùn fún bẹntiróòlù kò rí iná jó epo tí wọ́n fún un. Èyí tó funfun bí ẹfun, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù tàbí ó ń gbóná jù. Ẹ tún wo ara tánganran funfun rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: tí ẹ bá rí ìlà dúdú tín-ín-rín bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á, ọ̀nà tí iná ń gbà sá lọ nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ nù.

Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì 5S-FE jẹ́ 1.1 mm. Fílà géèjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe abẹ fífá irun. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú ẹni tó ń tà á. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Tí àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá dọ́gba, tí ọ̀pá àárín ọ̀kan wọ́, tí lẹ́tà ara rẹ̀ ń bó dànù lábẹ́ èékánná, ẹ dá a padà fún un.

Láti dè wọ́n padà: ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láìlo ọwọ́ sípánà, títí yóò fi jókòó. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ wá fi sípánà yí i ní ìdajì ìyípo péré. Ẹni tó bá ní sípánà tó ń ka agbára, 18 Nm ló gbà.

Ọ́ìlì inú ihò ńkọ́? Rọ́bà mẹ́rin ló yí ihò púlọ́ọ̀gì ká lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì kọ́fà náà, ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀. Tí ẹ bá pààrọ̀ ẹyọ kan, àwọn mẹ́ta tó kù á jìyà tiwọn láìpẹ́. Wáyà tí ọ́ìlì ti rà lẹ́nu kò ṣeé fọ̀, ẹ pààrọ̀ òun náà.

5. Inú òkùnkùn

Mo fẹ́ràn èyí. Ó tún wá bá ìlú wa mu, torí àwọn tó ń pín iná mànàmáná ti bá wa ṣe ètò òkùnkùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ páàkì síta lálẹ́, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ike fọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí ìtòsí àwọn wáyà àti kọ́ìlì, bí ìrì ni o, kì í ṣe bí òjò. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun. Wáyà tó ti sán á fi ara rẹ̀ hàn: iná búlúù kéékèèké á máa fò lára rẹ̀, á máa dún tá-tá-tá.

Lójú ọ̀sán, mítà lè sọ tirẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà, ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé ẹnu. Èyí tó bá ju 25,000 óòmù lọ ti dàgbà jù.

6. Ẹ pààrọ̀ ipò, ẹ má pààrọ̀ páàtì

Ká ní sìlíńdà kẹta ló ń mísì. Ẹ gbé púlọ́ọ̀gì ibẹ̀ lọ sí èkejì, ẹ gbé ti èkejì wá síbẹ̀. Ẹ pa kódù rẹ́, ẹ wà á. Bí P0302 bá yọ, púlọ́ọ̀gì yẹn ni. Bí P0303 bá tún padà, kì í ṣe òun. Ẹ ti mọ nǹkan kan láìná nǹkan kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wáyà náà tó bá gùn tó. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gbé púlọ́ọ̀gì àti wáyà pọ̀, tí ara mọ́tò wá yá, kò ní mọ oògùn tó jẹ́.

Lórí 5S-FE yìí, kọ́ìlì méjì ló wà: ọ̀kan ń fún sìlíńdà 1 àti 4 níná, èkejì ń fún 2 àti 3. Tí 1 àti 4 bá ń ṣàìsàn pọ̀, ẹ kọjú sí kọ́ìlì wọn.

7. Epo

Tí iná bá dára, ẹ gbé etí lé nọ́súlù, ohun tó ń fọ́n epo fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ara rẹ̀, ẹ gbé etí lé ìdí igi rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún bẹ́líìtì àti fáànù. Èyí tó yè á máa dún tíkì-tíkì-tíkì bí aago. Tí ọ̀kan bá dákẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: nǹkan bí 14 óòmù ló yẹ kó jẹ́ tó bá tutù. Bí iye yẹn bá pé síbẹ̀ tí kò dún, ẹ jẹ́ kí ríwáyà wo wáyà tó ń gbé iná lọ bá a.

Fún omi inú epo, ẹ fa díẹ̀ nínú epo náà sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Omi á wà nísàlẹ̀, bẹntiróòlù á léfòó. Kò gbọdọ̀ sí iná, sìgá tàbí fìtílà nítòsí.

8. Afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé

Rọ́bà kéékèèké tó wà láàárín ihò afẹ́fẹ́ àti ẹ́ńjìnnì, ooru ti gbẹ wọn láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ẹ wo ẹnu wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan, ẹ fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí ìdí wọn. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà ni ihò wà. Mo ti rí ẹni tó ń fi bẹntiróòlù ṣe èyí. Ẹ sá fún un.

9. Kọ̀mpúrẹ́ṣàn

Tí iná pé, epo pé, afẹ́fẹ́ pé, ẹ yá géèjì kọ̀mpúrẹ́ṣàn lọ́wọ́ mẹ́káníìkì, tàbí kí ẹ wà á lọ bá a. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì àti ti nọ́súlù. Ẹnì kan á tẹ ẹsẹ̀ lórí epo mọ́lẹ̀ pátápátá, á sì máa yí kọ́kọ́rọ́ títí abẹ́rẹ́ géèjì kò fi ní gòkè mọ́.

Ẹ́ńjìnnì 5S-FE tó yè ń kà tó 178 psi. Tó bá wálẹ̀ ju 142 lọ, ó ti di ọ̀ràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí sìlíńdà méjì bá fi ju 14 psi lọ síra wọn. Ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí kan sínú èyí tó kéré, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá gòkè, ríìngì písítìnnì ti jẹ. Tí kò bá mira, fáàfù ni, tàbí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, pàápàá tí sìlíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ lọ sílẹ̀, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù láìjò síta. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì nìyẹn, àmọ́ nísinsìnyí ẹ máa lè sọ fún un pé “sìlíńdà kejì àti ìkẹta, 110 psi”, kì í ṣe pé “ó ń gbọ̀n, ẹ bá mi wò ó.” Owó tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá á yàtọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tún un ṣe, ẹ pa kódù rẹ́, kí ẹ wà á lọ sí òkè tó ti kọ́kọ́ dójú tì yín, pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ nínú bùùtù. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo gun tèmi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Sátidé kan, láàárín Òsú àti Iléṣà, ẹ́ńjìnnì ń já geere, iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò tàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọlọ́pàá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà dá mi dúró, ó ní kí ni mo ń lọ kí ni mo ń bọ̀ wá ṣe.